Téèpù Aránṣọ Kò Wọn Ilẹ̀

Ní ọdún 2017, èmi tí mò ń kọ èyí fi téèpù aránṣọ wọn pulọ́ọ̀tì ilẹ̀. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe ní Mókólá níbí, ó ti lé lógún ọdún, téèpù kì í sì í kúrò lọ́rùn mi àfi tí mo bá fẹ́ wẹ̀. Íǹṣì 60 ni téèpù wa, ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún géérégé. Tí wọ́n bá ní ilẹ̀ jẹ́ 50 sí 100, téèpù mẹ́wàá ni ìbú rẹ̀, ogún téèpù ni gígùn rẹ̀. Mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi kan di etí téèpù mú, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, a ń kà á lọ láàárín koríko.

Àgẹ́ńtì tó mú wa lọ ti wọn tiẹ̀ ṣáájú. Ẹsẹ̀ ló fi wọ̀n ọ́n. Ìgbésẹ̀ gbàǹgbà kan, ó ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta nìyẹn. Ó gbé e lẹ́ẹ̀mẹ́tàdínlógún, ó fi igi gúnlẹ̀, ó ní, "Àádọ́ta ti pé, ó tiẹ̀ lé." Téèpù tèmi ní 46 àti ààbọ̀. Mo sọ fún un. Ó wò mí títí, ó ní, "Ìyá, ilẹ̀ kì í mà í ṣe ánkárá o."

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rín in. Orí ẹ̀rín yẹn ni mo ka ₦450,000 lé.

Ẹ̀yìn Mọ́níyà ni ilẹ̀ yẹn wà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé. Lọ́jọ́ tí a sanwó, àwọn ọmọ onílẹ̀ ti mú awọnlẹ̀ tiwọn, ẹni tí wọ́n ń pè ní sọ́féyọ̀, dání, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ kóòtù nínú òòrùn ọ̀sán. ₦40,000 ló gbà. Kò gbé ẹ̀rọ kankan wá. Okùn tí wọ́n ta kókó-kókó sí lára ló fà, ó gbá èèkàn igi mẹ́rin mọ́lẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ. Ọjọ́ kẹta ni sọ́fè, ìwé àwòrán ilẹ̀ náà, dé ọwọ́ wa. Ilà pupa yí ilẹ̀ po, òǹtẹ̀ búlúù wà nísàlẹ̀, nọ́ńbà kún ibẹ̀ bí èérà. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣi orúkọ Bàbá Tóbi, ọkọ mi, kọ. Mo ní kí wọ́n tún un ṣe. Bírò ni ọmọkùnrin náà yọ lápò, ó sì tún un ṣe níbẹ̀, lójú mi.

Èmi tí mo máa ń tú súùtì palẹ̀ nítorí pé bọ́tìnnì kan wọ́, mo gba ìwé tí wọ́n fi bírò tún ṣe, mo dúpẹ́, mo tẹ́ ẹ sábẹ́ aṣọ ìgbéyàwó mi nínú àpótí. Ọdún mẹ́ta ló fi sùn síbẹ̀.

Ìgbà tó di 2020, a fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ilé. A gbé sọ́fè lọ bá ẹni tó máa ya àwòrán ilé fún wa. Kò tíì wò ó dé ìsàlẹ̀ tó fi béèrè pé, "Ìyá Tóbi, níbo ni beacon wà?" Òpó kọnkéré tí wọ́n ń rì sí igun ilẹ̀ ló ń pè bẹ́ẹ̀. Mo ní èèkàn igi ni wọ́n gbá mọ́lẹ̀, pé ikán ti jẹ mẹ́ta nínú rẹ̀. Ó ká ìwé náà, ó dá a padà fún mi, ó ní òun ò ní fọwọ́ kàn án. Òun ló fi mí mọ awọnlẹ̀ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí.

Ọkùnrin náà kò tiẹ̀ dé orí ilẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ṣọ́ọ̀bù mi ló wá, ó jókòó lórí àga àwọn oníbàárà, ó ní kí n gbé sọ́fè wá. Ó ṣàlàyé fún mi pé igun kọ̀ọ̀kan ilẹ̀ ní nọ́ńbà méjì, ọ̀kan ń sọ bó ṣe lọ sí ìlà-oòrùn tó, èkejì ń sọ bó ṣe lọ sí àríwá tó. Pẹ̀lú nọ́ńbà méjì yẹn, ẹni tó wà ní Kánò lè fi ìka tọ́ka sí igun ilẹ̀ rẹ n'Íbàdàn láìdìde ní ìjókòó. Ó tẹ nọ́ńbà wa sínú fóònù rẹ̀, ó dúró díẹ̀, ó yí fóònù sí mi. Àwòrán tí wọ́n yà látòkè ni, igbó tútù yọ̀yọ̀, omi sì là á kọjá. Àmì pupa kékeré náà wà láàárín omi yẹn gan-an. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà mẹ́rin sí ilẹ̀ tí a rà.

Ó ní, "Màmá, odò ni wọ́n wọ̀n fún yín."

Orúkọ tó wà lórí òǹtẹ̀ ńkọ́? Kò sí irú rẹ̀ nínú ìwé orúkọ àwọn awọnlẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ SURCON, ìgbìmọ̀ tí òfin ọdún 1989 dá sílẹ̀ láti máa bójú tó iṣẹ́ awọnlẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹni tí kò bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn kò lẹ́tọ̀ọ́ láti buwọ́ lu sọ́fè ẹnikẹ́ni. Ó lè mọ iṣẹ́ o. Ó lè jẹ́ pé abẹ́ ọ̀gá tó forúkọ sílẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀gá yẹn ló gbọ́dọ̀ buwọ́ lù ú, ọrùn ọ̀gá yẹn náà ni ẹjọ́ máa wà bí ó bá wọ́.

Èyí tó burú jù ṣì ń bọ̀. Ó bá wa lọ sí orí ilẹ̀ gan-an, ó gba nọ́ńbà àwọn igun rẹ̀, ó gbé e lọ sí Sẹkitéríà Agodi, níbi tí ìjọba ń kó àwòrán gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n ti wọ̀n sí. Wọ́n gbé tiwa lé orí tiwọn. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ bọ́ sínú ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà. Mo gbéra, mo lọ bá Mọ́gàjí ẹbí náà, mo kúnlẹ̀, mo ro ẹjọ́. Baba fara balẹ̀ gbọ́, wọ́n wá ní, "Ìyàwó, owó yẹn ti di ẹran. Ẹbí sì ti jẹ ẹ́." Ọdún méjì ni a fi ń lọ, tí a ń bọ̀, kí wọ́n tó dá ₦200,000 padà, ẹ̀ẹ̀mẹrin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì fi san án. Ìyókù, mo fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́.

Ohun tó ń dùn mí títí dòní ni pé téèpù mi ò parọ́. 46 àti ààbọ̀ ni ilẹ̀ yẹn lóòótọ́. Ọkùnrin yìí tún un wọ̀n, ó bá a bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Àmọ́ gbogbo ohun tí téèpù lè sọ kò ju pé ilẹ̀ kéré. Ta ló ni ín, ta ni wọ́n ti tà á fún rí, ṣé ọ̀nà máa gba ibẹ̀, ṣé ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé e, téèpù ò mọ̀ ọ́n. Èmi rò pé nítorí kí èèyàn lè wọn ilẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pe awọnlẹ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tó tóbi jù tó máa ṣe fún ọ, kí o tó sanwó ilẹ̀ ló yẹ kó ti ṣe é. Èyí tó ń ṣe lẹ́yìn tí owó ti lọ, bí ẹni ń wọn aṣọ tí wọ́n ti gé ni.

Ohun kejì, ìwọ fúnra rẹ ni kó o lọ wá awọnlẹ̀ tìrẹ. Awọnlẹ̀ tó bá bá ẹni tó ń ta ilẹ̀ wá, ẹni tó ń ta ilẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ fún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àpò rẹ lowó ti jáde. Kò ní sọ fún ọ pé ilẹ̀ ní ìyọnu. Ọ̀la ni wọ́n tún máa pè é sí òmíràn.

Nígbà tí a tún kówó jọ ní 2022, ọkùnrin yẹn ni mo kọ́kọ́ pè, kí n tó pe àgẹ́ńtì rárá. Ó ti fi nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ hàn mí láìjẹ́ pé mo béèrè. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn awọnlẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀yọ́ ló ti jáde, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ láti 1908. Ó sọ fún mi pé lórí ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí a bá fẹ́ràn, òun á gba ₦20,000 láti lọ mú nọ́ńbà igun rẹ̀ kí òun sì ṣe charting ní Agodi, ìyẹn ni kí wọ́n gbé e lé orí àwòrán ìjọba. Tí ó bá mọ́, kí a rà á. Tí kò bá mọ́, kí a máa lọ.

Èyí àkọ́kọ́ kò mọ́. Etí ibi tí wọ́n ní Circular Road máa gbà ló bọ́ sí, ọ̀nà kìlómítà 110 yẹn tí wọ́n fẹ́ fi yí Ìbàdàn po. Èkejì náà kò mọ́: sọ́fè ẹlòmíràn ti wà lọ́dọ̀ ìjọba lórí ilẹ̀ kan náà láti 2014, bẹ́ẹ̀ ẹni tó fẹ́ tà á fún wa ti fi Bíbélì búra. Bàbá Tóbi bínú lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Wọ́n ní, "Ṣé ilẹ̀ la fẹ́ rà ni, àbí awọnlẹ̀ la fẹ́ máa bọ́?" ₦40,000 ti lọ, a ò sì tíì ní ibi tí a lè gbin ewédú sí. Mi ò dá wọn lóhùn. Iye tí mo san fún odò ní 2017 náà nìyẹn.

Ẹ̀kẹta mọ́. Lójú ọ̀nà Èrúwà ló wà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìdó.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ bí ọjọ́ ìwọnlẹ̀ gidi ṣe máa ń rí, torí ẹni tí kò rí i rí ni wọ́n ń fi okùn tó ní kókó tàn jẹ. Èèyàn mẹ́rin ni wọ́n wá. Ọ̀kan mú àdá, òun ló ń la ojú ọ̀nà láàárín igbó kí wọ́n lè rí ara wọn láti igun kan sí èkejì. Ọ̀kan di ọ̀pá gígùn kan mú, dígí wà lórí rẹ̀. Ọ̀gá dúró sídìí Total Station, ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀, lórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n fi ń yọjú wo dígí yẹn. Òpó kọnkéré mẹ́rin wà lẹ́yìn ọkọ̀, irin wà láàárín orí ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ti kọ nọ́ńbà sí i lára kí ó tó gbẹ. Wọ́n tún ti ní kí ẹbí tó ń tà á àti ẹbí tó bá wọn pààlà rán èèyàn wá. Ó ní òun kì í wọn ilẹ̀ lẹ́yìn ẹni tó bá a pààlà.

Ọpẹ́lọpẹ́ pé ó rí bẹ́ẹ̀. Pèrègún ni àwọn baba wa fi ń pààlà, torí kì í kú bọ̀rọ̀. Ẹni tó bá gé e, á tún hù. Ẹbí tó ń tà á tọ́ka sí pèrègún kan ní igun ẹ̀yìn. Baba arúgbó kan láti ẹbí kejì fi ọ̀pá rìn lọ síbẹ̀, wọ́n tẹ̀ ba, wọ́n fọwọ́ pa ìdí rẹ̀. Kò nípọn ju àtàǹpàkò lọ. Wọ́n ní, "Èyí kì í ṣe pèrègún baba mi. Èyí ò tíì pé ọdún méjì láyé." Wọ́n wá fi ọ̀pá ya koríko sọ́tọ̀ síwájú díẹ̀, kùkùté àtijọ́ kan wà níbẹ̀, ó ti tún yọ ewé. Ọ̀rọ̀ tán. Kò sẹ́ni tó lè bá kùkùté jiyàn.

Kùkùté yẹn gé ẹsẹ̀ bàtà méjì kúrò lẹ́yìn ilẹ̀ wa. Iwájú jẹ́ 50, ẹ̀yìn di 48. Mọ́gàjí ti ibí, èèyàn pẹ̀lẹ́ ni wọ́n, wọ́n ní kò burú, ẹbí ṣì nílẹ̀ lápá kejì, kí wọ́n sún èèkàn ẹ̀yìn lápá ibẹ̀ síta ní ẹsẹ̀ bàtà méjì. Wọ́n sún un. Iwájú 50, ẹ̀yìn 50. Mo ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ọ̀gá ní kò tíì tó. Ó wọ̀n ọ́n ní àgbélébùú, láti igun iwájú ọ̀tún dé igun ẹ̀yìn òsì, ó tún wọn èkejì. Ọ̀kan jẹ́ mítà 33.81, èkejì jẹ́ 34.35. Ẹ wò ó, ibí yìí ni iṣẹ́ mi àti iṣẹ́ rẹ̀ ti pàdé. Tí aṣọ bá délẹ̀, mo máa ń ká igun kan lé igun kejì; tí wọn ò bá bára mu, aṣọ ti wọ́ nìyẹn, bó ti wù kí etí rẹ̀ gún tó. Ẹ rán búbá nínú rẹ̀, á máa yí sí ẹ̀gbẹ́ kan lára ẹni tó wọ̀ ọ́. Mo ní, "Ó ti wọ́." Ọkùnrin náà yíjú sí mi, ó ní, "Ta ló kọ́ ọ yín, Màmá?" Ní ìgbẹ̀yìn, èèkàn iwájú méjèèjì náà ni wọ́n sún sápá ibi tí ti ẹ̀yìn lọ. Wọ́n tún un wọ̀n. 34.08 lọ́tùn-ún, 34.08 lósì. Pulọ́ọ̀tì 50 sí 100 yín, tí igun rẹ̀ bá gún, iye tó gbọ́dọ̀ jẹ́ nìyẹn, nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 111 àti íǹṣì mẹ́wàá. Okùn lásán lè fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Nígbà tí a ń dúró kí kọnkéré ìdí òpó le díẹ̀, ó sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pé Herbert Macaulay tó wà lára owó ẹyọ náírà kan, awọnlẹ̀ ni. Wọ́n rò pé olóṣèlú nìkan ni. Ó ní Plymouth ni ọkùnrin náà ti kẹ́kọ̀ọ́, ó dé ní 1893, ó ṣiṣẹ́ awọnlẹ̀ fún ìjọba òyìnbó l'Ékòó títí di 1898, ó fi í sílẹ̀, ó dá tiẹ̀ sílẹ̀. Òun náà ló bá Olóyè Olúwa lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Àpápá, tí ilé ẹjọ́ ibẹ̀ sì dá Olúwa láre ní 1921. Ọmọ tó mú àdá ní, "Ọ̀gá, ṣé ó fi Total Station ṣe é?" Ọ̀gá ní kó lọ wo kọnkéré.

₦180,000 ni ó gbà, pẹ̀lú òpó, pẹ̀lú ìwé. Ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ wa, ẹ̀dà kan lọ sọ́dọ̀ ìjọba. Àbúrò mi tó wà n'Íkòròdú ní red copy ni wọ́n ń pe ti ìjọba yẹn l'Ékòó, pé ẹni tí kò bá ní in dà bí ẹni tí kò ní sọ́fè. 464.5 ni wọ́n kọ sí i, sikuwéà mítà. Mo ka orúkọ Bàbá Tóbi lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sí bírò níbẹ̀.

Sọ́fè kì í ṣe ìwé oníǹkan o. Ibi tí ilẹ̀ wà àti bó ṣe tóbi tó ló ń sọ. Pé ẹbí yẹn ló ni ín lóòótọ́, ti lọ́yà nìyẹn. Lójú òfin ilẹ̀ ti 1978 sì rèé, gómìnà ni gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà níkàáwọ́ rẹ̀, ìdí nìyẹn tí èèyàn fi ń sáré C of O, ìwé ẹ̀rí tí gómìnà ń buwọ́ lù lórí ilẹ̀. Àwa náà ṣì wà lórí ìyẹn. Màá kọ ọ́ lọ́jọ́ mìíràn, tí ẹ̀jẹ̀ ríru mi bá lọ sílẹ̀.

Lóṣù kẹfà 2024, mo lọ gé koríko. Òpó mẹ́ta ni mo rí. Ẹ̀kẹrin, ti igun iwájú lọ́tùn-ún, kò sí. Alhaji tó ra ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ti gbẹ́ ìpìlẹ̀ fẹ́ǹsì, ó ń lọ gbọọrọ, lójú mi ó ti wọ inú tiwa. Mo kí wọn, mo sọ fún wọn. Wọ́n ní katakátá tó wá tú ilẹ̀ ló gbé òpó náà lọ, àwọn ò mọ ibi tó wà tẹ́lẹ̀, àmọ́ kò lè kọjá ibi tí àwọn gbẹ́ yìí. Mo ní ó kọjá. Wọ́n ní báwo ni mo ṣe mọ̀? Birikilà wọn ti ń po sìmẹ́ǹtì. Adìẹ bà lókùn.

Mo pe ọkùnrin mi. Ó dé lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú ọmọ iṣẹ́ kan ṣoṣo àti ọ̀pá tí GPS wà lórí rẹ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó kí Alhaji dáadáa, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ṣí sọ́fè, ó wo nọ́ńbà, ó ń sún ọ̀pá lọ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń fi abẹ́rẹ́ wá ojú òwú. Ó dúró. Ó ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ sí òdìkejì ìpìlẹ̀ Alhaji, lápá ọ̀dọ̀ tiwọn. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, erùpẹ̀ tí katakátá tẹ́ ni.

Ó ní, "Gbẹ́ ibí."

Ọmọ náà fi ṣọ́bìrì gbẹ́ ẹ. Ẹ̀kíní, erùpẹ̀. Ẹ̀kejì, erùpẹ̀. Alhaji ti ká ọwọ́ pọ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, ṣọ́bìrì dún kàn-ìn. Ọmọ náà fọwọ́ gbá erùpẹ̀ kúrò: ìdí òpó wa ni, kọnkéré tó ti ṣẹ́ nísàlẹ̀, irin rẹ̀ ti wọ́, ó dúró sí ibi tí wọ́n rì í sí ní 2022.

Alhaji tẹ̀ wò ó. Wọ́n dìde, wọ́n sọ fún birikilà pé kó tú okùn. Nígbà tí mo ń palẹ̀ mọ́ láti lọ, wọ́n ké sí mi látẹ̀yìn.

"Ìyá Tóbi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní nọ́ńbà ọkùnrin yẹn."